Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ibùdó ski wo ni kí ìyá àti ọmọ tí kò tẹ yìnyín rí kọ́kọ́ lọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń dáhùn ìbéèrè, ẹ kú iṣẹ́. Manchester ni mo ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún. Àwọn ọmọ méjì nínú kíláàsì rẹ̀ lọ ṣeré ski, ìyẹn fífi pátákó gbọọrọ méjì lẹ́sẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, nígbà ìsinmi oṣù kejì tó kọjá, láti ọjọ́ tí wọ́n sì ti dé ni ọmọ yìí kò ti jẹ́ kí etí mi sinmi. Èmi fúnra mi kò ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ski rí, bẹ́ẹ̀ ni mo ti lé ní ogójì ọdún. Bàbá rẹ̀ ní kí a máa lọ, pé òun kò ní tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fowó ra òtútù, nítorí náà èmi àti ọmọ nìkan ni. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n lọ sí Val Thorens ní Faransé nítorí pé ibẹ̀ ló tóbi jù. Ẹlòmíràn ní Bansko ní Bùlùgéríà ni, nítorí owó. Ọ̀gá mi sì ní kí n má wulẹ̀ ṣe ara mi ní wàhálà, kí n wa mọ́tò mi lọ sí Skọ́tíláńdì. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò, ti Ìlú Ọba ni ti ọmọ. Èwo ni kí n mú nínú gbogbo rẹ̀?

Ìyá ọlọ́mọ kan, Manchester

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì bá wa kí bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa òtútù yẹn yé wa dáadáa.

Gbogbo àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn ló sọ òótọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹni tó ti mọ eré náà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún yín. Ẹni tó mọ ski a máa wo bí òkè ṣe tóbi tó àti iye ọ̀nà tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe é rí, bóyá ọmọdé ni tàbí àgbà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ tí kò ju igba mítà lọ fún odidi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí igba mítà yẹn ṣe rí, àti bí ó ṣe jìnnà sí ibùsùn yín tó, ni kí ẹ fi yan ibùdó. Èyí tó kù nínú ìwé ìpolówó wọn, ẹ lè kà á nígbà tí ẹ bá padà dé.

Mo ti jẹ ìyà ohun tí mò ń sọ yìí rí. Ọdún tí èmi àti ọmọ mi ọkùnrin kọ́kọ́ lọ, owó yàrá ni mo wò, n kò wo àwòrán ilẹ̀. Ìgbà tí a débẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ni yóò máa gbé wa láti òtẹ́ẹ̀lì dé ìdí òkè, àti pé orí òkè náà gan-an ni wọ́n tẹ́ ilẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí, tí a ó tún wọ ọkọ̀ orí wáyà kí a tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Ẹ fojú inú wò ó: pátákó ski tèmi àti ti ọmọ wà léjìká mi, ọ̀pá wà lábẹ́ abíyá, ọmọ ọdún mẹ́rin wà ní ọwọ́ kejì. Bàtà ski kì í tẹ̀ níbi ọrùn ẹsẹ̀, ńṣe ni ọmọ náà ń rìn bí ẹni tí wọ́n da símẹ́ǹtì sí lẹ́sẹ̀. Kí a tó dé ìdí òkè, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ọ́n, ìpele aṣọ mẹ́ta ló sì wà láàrin òun àti ìtọ̀ náà. Nígbà tí a fi máa gòkè, olùkọ́ ti kó àwọn yòókù lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ní òun kò lọ mọ́, kí n jẹ́ kí òun máa wo tẹlifíṣọ̀n. Òkè yẹn kò ṣẹ̀ wá. Èmi ni n kò béèrè ọ̀rọ̀ kí n tó sanwó.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo iye owó rárá, ẹ béèrè ibi tí ilẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. Bí ó bá wà láàrin abúlé, tí ẹ lè máa wò ó láti ojú fèrèsé, ẹ ti rí ìdajì ohun tí ẹ ń wá. Bí wọ́n bá ní orí òkè ni, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ orí wáyà yóò gbé yín sọ̀kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí kì í ṣe pé ẹ ó máa fi pátákó wá ọ̀nà ilé. Ẹ béèrè bóyá wọ́n fi ọgbà tàbí okùn yà á sọ́tọ̀ kúrò lójú ọ̀nà àwọn tó mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí ohun tó ń já akẹ́kọ̀ọ́ láyà tó kí ẹnì kan fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọ̀kadà tí bíréèkì rẹ̀ ti já.

Ẹ tún béèrè ohun tó ń gbé ènìyàn lọ sókè níbẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni kápẹ́ẹ̀tì tó ń rìn, ìyẹn rọ́bà gbọọrọ kan tó ń yí, irú èyí tí wọ́n ń kó ẹrù wa lé ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ ó dúró lé e tòun ti pátákó lẹ́sẹ̀, yóò sì máa gbé yín gòkè jẹ́ẹ́jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n gùn. Èyí tí ẹ kò fẹ́ kọ́kọ́ bá pàdé ni ọ̀pá tó ní àwo rébété nídìí, tí wọ́n ń há sáàrin itan, tí yóò máa wọ́ ènìyàn lọ sókè lórí pátákó. Àgbàlagbà tó bá gbìyànjú láti jókòó lé e yóò bá ara rẹ̀ nílẹ̀, nítorí kì í ṣe ohun àjókòólé. Ní ti ọmọdé, ó lè fúyẹ́ débi pé ọ̀pá náà á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ bí ó bá ti fà á lójijì. Lẹ́yìn èyí ni àga orí wáyà, èyí tó rọrùn fún àgbà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ jókòó ti ọmọ kékeré lórí rẹ̀, kó sì fa irin ìdábùú rẹ̀ wálẹ̀ kíákíá.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní Faransé, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń sàmì sí ọ̀nà tó rọrùn jù, lẹ́yìn náà ni búlúù, pupa àti dúdú. Ní Ọ́síríà àti Ítálì, búlúù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé ibùdó kan ní Ọ́síríà kò ní àwọ̀ ewé sọ fún yín pé kò sí ibi tó dẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ àwọn olùdámọ̀ràn yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Val Thorens kì í ṣe ibi burúkú rárá. Abúlé náà ga tó mítà 2,300, kò sí ibùdó ski mìíràn ní Yúróòpù tí abúlé rẹ̀ ga tó o, yìnyín kì í sì í wọ́n níbẹ̀ láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ inú oṣù karùn-ún. Ṣùgbọ́n kìlómítà 600 tí wọ́n fi ń polówó agbègbè Les Trois Vallées, èyí tí Val Thorens jẹ́ apá kan rẹ̀, kò kàn yín lọ́dún yìí. Ẹni tó fẹ́ ra ata rodo fún ọbẹ̀ alẹ́ kì í san owó gbogbo ìsọ̀ tó wà ní Oyíngbo. Yàtọ̀ sí owó, ibi gíga bẹ́ẹ̀ kò ní igi. Bí ìkùukùu bá bolẹ̀, funfun ni ilẹ̀, funfun ni òkè ọ̀run, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní mọ̀ bóyá iwájú rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ ni tàbí ó tẹ́jú. Atẹ́gùn oṣù kìíní níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún márùn-ún kọ́kọ́ mọ̀ ní òkè.

Bansko kò gbani lówó bíi ti Faransé lóòótọ́, oúnjẹ ibẹ̀ dára, àwọn olùkọ́ wọn sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìlú wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lókè ní Banderishka Polyana, ní nǹkan bíi mítà 1,600 sí òkun. Ọkọ̀ orí wáyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé láti dé ibẹ̀, ìrìn náà sì tó nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé. Kí ẹ tó wọlé ni iṣẹ́ wà, nítorí pé ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ìlà àwọn tó ń dúró dè é gùn bí ìlà epo nígbà tí epo bá wọ́n ní Èkó. Èyí gan-an ni irú ìyà tí mo sọ pé mo jẹ.

Bí ó bá jẹ́ pé owó ló jẹ́ kí Bùlùgéríà wọ̀ yín lójú, ẹ wo Borovets. Ó wà ní ẹsẹ̀ òkè Musala, tí í ṣe òkè tó ga jù ní gbogbo agbègbè Balkan, kò ju nǹkan bí àádọ́rin kìlómítà lọ sí pápákọ̀ Sofia. Níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá ni ilẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè mu tíì tán kí ẹ tó mú ọmọ jáde. Mítà 1,350 péré ni abúlé náà fi ga, nítorí náà oṣù kìíní àti oṣù kejì ló yẹ ẹ́. Ẹ má ṣe gbé e dé ìgbà Àjíǹde.

Ti Skọ́tíláńdì, ọ̀gá yín rò ó dáadáa ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ibùdó márùn-ún ló wà níbẹ̀: Cairngorm, Glenshee, Glencoe, Nevis Range àti The Lecht. Ẹ kò nílò físà, ọkọ̀ ojú irin dé Aviemore tó wà nítòsí Cairngorm, The Lecht sì jẹ́ ibi kékeré tí òkè rẹ̀ kò le fún akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ yìnyín ibẹ̀ kò ní àdéhùn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ó lè pọ̀ lónìí, kí òjò fọ̀ ọ́ lọ lọ́túnla. Atẹ́gùn sì lè fẹ́ débi pé wọ́n á dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. Ẹni tó lè wo ojú ọjọ́ ní ọjọ́rú kó sì gbéra ní ọjọ́ ẹtì ni Skọ́tíláńdì wà fún, kì í ṣe ẹni tó gbọ́dọ̀ béèrè ààyè níbi iṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, bí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mò ń lọ pẹ̀lú ọmọ yín, Avoriaz ní Faransé ni mo máa mú, ní ìgbà ìsinmi Àjíǹde, bí Àjíǹde bá bọ́ sí ìparí oṣù kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Abúlé náà wà ní mítà 1,800. Wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò wọ inú rẹ̀. Ẹṣin tó ń fa ọmọlanke lórí yìnyín ló ń gbé ènìyàn àti ẹrù láti ẹnu ibodè. Àwọn ilé rẹ̀ ga ṣóńṣó, igi ni wọ́n fi bo ara wọn, bí ògán ni wọ́n rí lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ilé fúnra rẹ̀ ni ojú yìnyín, ọmọ lè wọ pátákó rẹ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn. Àárín abúlé ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Village des Enfants. Annie Famose ló dá a sílẹ̀, obìnrin tó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà àti ti idẹ fún Faransé ní ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Grenoble ní 1968. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń gbà. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Geneva, ìrìn ọkọ̀ kò pé wákàtí méjì bí ọ̀nà bá ṣí.

Ẹ ó béèrè pé èé ṣe tí n kò fi mú oṣù kejì bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe ṣe. Ìsinmi àárín sáà ní Ìlú Ọba máa ń bọ́ sí àkókò kan náà pẹ̀lú ìsinmi òtútù àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Faransé, tí wọ́n pín sí agbègbè mẹ́ta, tí ọ̀kan ń wọlé bí èkejì ti ń jáde. Owó ilé a lọ sókè, kíláàsì a kún, ọmọ tí olùkọ́ ì bá dì mú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá a rí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ìgbà Àjíǹde, oòrùn ti ń mú, ìka ọwọ́ ọmọ kì í kú mọ́ òtútù, òwúrọ̀ ni yìnyín dára jù. Bí ó bá di ọ̀sán tó rọ̀ bí ògì, ẹ lọ jẹun, kí ẹ sì sùn. Ẹ má sì rò pé ẹ lè yọ ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ lè rí èyí tó pọ́ọ́kú. Láti oṣù kẹjọ 2024, ìtanràn fún irú rẹ̀ ní Ẹ́ńgílándì jẹ́ 80 pọ́n-ùn fún òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì di 160 bí ẹ kò bá san án láàrin ọjọ́ 21. Ìyẹn ni pé bàbá tí kò fẹ́ fowó ra òtútù náà yóò san tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé. Ọmọ kò nílò físà fún irú ìsinmi kúkúrú bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin nílò físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Yúrò 90 ni owó rẹ̀ láti oṣù kẹfà 2024, láìka ohun tí iléeṣẹ́ tó ń gba ìwé yóò gbà. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15 ṣáájú rẹ̀. Àṣẹ ìgbélùú yín ní Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ ṣì wà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá máa kúrò ní Yúróòpù. Àwọn kan ṣì ń sọ pé Bùlùgéríà yàtọ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá, wọ́n ti wọ inú Schengen pátápátá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025. Nítorí pé bàbá ọmọ kò bá yín lọ, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fọwọ́ sí ìrìn náà, kí ẹ sì mú ìwé ìbí ọmọ dání, pàápàá bí orúkọ ìdílé tó wà nínú ìwé ìrìnnà yín kò bá bá ti ọmọ mu.

Ẹ gba káàdì ìlera GHIC fún ẹ̀yin méjèèjì, èyí tí àwọn tó ń gbé Ìlú Ọba fi ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Yúróòpù, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n káàdì náà kì í sanwó àwọn tó ń gbé ènìyàn tó ṣèṣe kúrò lórí òkè, nítorí náà ẹ ra ínṣọ́ránsì tó dárúkọ ski nínú ìwé rẹ̀. Gbogbo ínṣọ́ránsì ìrìn àjò kọ́ ló kà á mọ́ ọn. Bí ẹ bá yí ọkàn padà sí Ítálì, òfin ibẹ̀ láti 2022 ni pé kí ẹni tó bá gun ojú ọ̀nà ski ní ínṣọ́ránsì tó lè sanwó ìpalára tó bá ṣe fún ẹlòmíràn, láti oṣù kọkànlá 2025 sì ni ọmọdé àti àgbà kò ti gbọdọ̀ gùn ún mọ́ láìdé akoto. Kí akoto wà lórí ẹ̀yin méjèèjì níbikíbi tí ẹ bá lọ.

Kí ẹ tó lọ, Manchester tí ẹ wà yìí ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Chill Factore wà ní Trafford, inú ilé ni, yìnyín tòótọ́ sì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, ọmọ lọ́tọ̀, ẹ̀yin lọ́tọ̀. Kì í ṣe pé ẹ ó mọ̀ ọ́n tán, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ bóyá ọmọ yìí fẹ́ ski ní ti gidi, tàbí ìtàn tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ni ó fẹ́. Ohun tó náwó díẹ̀ láti mọ̀ ní Trafford, ó lè náwó gan-an láti mọ̀ ní Faransé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni bí a ṣe ń ṣubú síbi ẹ̀gbẹ́ àti bí a ṣe ń dìde. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò ní kí ẹ fi imú pátákó méjèèjì kanra, kí ẹ sì ya ìdí wọn, kí ó dà bí orí òrùlé; ohun tó ń dá ènìyàn dúró nìyẹn. "Pizza" ni wọ́n ń pè é fún àwọn ọmọdé, ẹ ó sì gbọ́ ọ títí etí yín yóò fi kún.

Ẹ má ṣe kọ́ ọmọ yín fúnra yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tan yín sí kíláàsì ìdílé. Ọmọ ọdún márùn-ún kò jìnnà sílẹ̀, ṣíṣubú kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ogójì mọ iye tí egungun rẹ̀ ń ná. Ẹ̀rù yín yóò ràn án. Ohun tó dára ni kí wákàtí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ bọ́ sí wákàtí ẹ̀kọ́ tiyín, òwúrọ̀ nìkan ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì pàdé ní ọ̀sán. Ẹ má ra káàdì gbogbo òkè. Ibùdó púpọ̀ ní káàdì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ibòmíràn sì wà tí kápẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó Faransé, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kì í sanwó ẹ̀rọ. Ẹ fi ọdún kan pẹ́ ni, ẹ má bínú.

Pátákó, bàtà àti akoto, ẹ háyà wọn níbẹ̀. Aṣọ òtútù, ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí ọmọ méjì yẹn. Nígbà tí wọ́n bá ń dán bàtà wò, ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ó wà lẹ́sẹ̀, kó gùn kọjá ibi tí bàtà dé. Àwa Yorùbá a máa fẹ́ wọ méjì fún ọmọ kí òtútù má baà mú un, ìbọ̀sẹ̀ kejì yẹn gan-an ló ń fún ẹ̀jẹ̀ pa tí ẹsẹ̀ fi ń tutù. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú bàtà rẹ̀ kí ẹ tó dì í, kí ẹ rí i pé ṣòkòtò kò ká sínú rẹ̀. Bí ó bá ká, ojúgun rẹ̀ yóò bó kó tó di ọ̀sán.

Kí ẹ sì ti rò ó mọ́ irun. Bí ẹ bá di ṣùkú fún un, akoto kò ní jókòó, yóò máa ga sókè bí ìdérí ìkòkò tí ìrẹsì ń gbé. Ẹ di kólésẹ̀ fún un, kó lọ tààrà sí ìpàkọ́, kí ẹ má so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn. Ti ìpara oòrùn, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ dúdú wa tan yín: agbára oòrùn tó ń jó awọ ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn, yìnyín sì lè dá tó ìdá ọgọ́rin rẹ̀ padà sójú ènìyàn láti ìsàlẹ̀. Ẹ kùn ún dé abẹ́ àgbọ̀n àti abẹ́ imú, kí awò ojú má sì kúrò lójú ọmọ.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ìkẹjà ni èmi àti ìyàwó mi wà, ọmọ wa jẹ́ ọdún mẹ́rin. A gbọ́ pé ibùdó ski wà ní Lesotho, tí a kò fi ní dé Yúróòpù rárá. Ṣé a lè mú ọmọ náà lọ nígbà ìsinmi gígùn?

Bàbá kan, Ìkẹjà

ÌDÁHÙN

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, Afriski ni orúkọ rẹ̀. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni òtútù tiwọn, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi gígùn bọ́ sí i, àmọ́ kó tó parí, wọ́n ti tì í. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni gíga rẹ̀. Ibùdó náà ga ju mítà 3,000 lọ, ó ju Val Thorens tí mo sọ lókè lọ dáadáa, Ìkẹjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ gòkè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan lè ní orí fífọ́ àti èébì, ọmọ ọdún mẹ́rin kò sì ní mọ bí yóò ṣe sọ ọ́, ó kàn máa kọ oúnjẹ, yóò sì máa sunkún ni. Nítorí pé South Africa ló yí Lesotho ká, ẹ ó tún gba físà South Africa, irú èyí tó lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì, àti ti Lesotho pẹ̀lú.

Ní tèmi, bí ìrìn yín bá máa gba Dubai kọjá láìpẹ́, ẹ lo Ski Dubai fún ọmọ yìí. Láti 2005 ló ti wà nínú ilé ìtajà Mall of the Emirates, otútù ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ibi tí omi ti ń dì lọ, aṣọ wà nínú owó tí ẹ bá san, bí ọmọ bá sì sunkún, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni oúnjẹ àti ooru wà. Ẹ fi Lesotho sílẹ̀ di ìgbà tí ó bá pé ọdún mẹ́fà tàbí méje. Bí ẹ bá sì ta kú pé ọdún yìí ni, ẹ sùn mọ́jú ní Butha-Buthe tàbí ibòmíràn tó rẹlẹ̀ lójú ọ̀nà kí ẹ tó gòkè, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ tó mọ Moteng Pass, ìyẹn ọ̀nà orí òkè tó lọ síbẹ̀, wa ọkọ̀ fún yín, kí ẹ sì ti gbéra láàárọ̀, nítorí bí oòrùn bá ti wọ̀, omi tó wà lójú títì yẹn máa ń dì.